Próstéètì tó ń dùn lọ, tó ń dùn bọ̀: apakòkòrò, fisió tàbí agbo, èwo ni ká mú?

Ọdún kan wà tí páálí apakòkòrò (òògùn tí òyìnbó ń pè ní antibiotic) mẹ́ta wà nínú dírọ́ọ̀ máṣíìnì mi, láàárín bọ́tìnnì àti bọ́bìnnì. Oríṣi kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi fúnra mi ni mo rà wọ́n ní kẹ́míìsì, kò sì sí èyí tí mo lò tán nínú wọn. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ara á fúyẹ́, màá pa á tì. Kó tó di oṣù kejì, ìrora á tún ti dé. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Télọ̀ ni mí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lápá Sábó. Àga onípákó ni mo ń jókòó lé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, pàápàá tí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi tó ń dùn mí kì í ṣe ibi téèyàn ń nàka sí níṣojú oníbàárà: àárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí, bí ìgbà tí mo bá jókòó lé ọmọ ayò kan. Nígbà míì á gba abẹ́ ìdodo, nígbà míì á yọ sí ṣónṣó nǹkan ọmọkùnrin. Ìtọ̀ á máa gbọ̀n mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, tí mo bá sì débẹ̀, ìwọ̀nba ló máa jáde. Bí èmi àti ìyàwó mi bá jọ sùn, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá parí ni tèmi ń bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ tẹ́ àwọn ìtọ́jú tó wà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí a ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ká tó fi sísọ́ọ̀sì sí i. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu dókítà mẹ́ta àti fisió kan, èyí tí mo kà, àti èyí tí mo fi àṣìṣe ara mi kọ́ ni mo kọ síbí.

Próstéètì wo ni ti yín?

Próstéètì kò ju hóró awùsá kan lọ lára ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ojú ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, òun ló sì ń mú díẹ̀ nínú omi tí àtọ̀ máa ń bá jáde. Ládùúgbò wa, àìsàn mẹ́ta ni ẹnu wa ń pè ní “próstéètì” láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni pé kó wú nítorí ọjọ́ orí, tí ìtọ̀ ò fi ní ṣàn dáadáa. Ìkejì ni jẹjẹrẹ. Ìkẹta ni èyí tí mò ń sọ: kó máa gbóná, kó máa dùn, kó lọ, kó tún padà. Ìkẹta yìí kì í dúró de arúgbó. Nínú gbogbo àìsàn ọ̀nà ìtọ̀ tí ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ń gbé lọ bá dókítà, òun ló wọ́pọ̀ jù.

Ní 1995, àjọ ìlera National Institutes of Health ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà pín àìsàn yìí sí ọ̀nà mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń dé lójijì pẹ̀lú ibà àti òtútù. Ọ̀rọ̀ ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Ẹ̀kẹrin kì í dun ẹni tó ní i, àyẹ̀wò nǹkan mìíràn ni wọ́n fi ń kàn án. Àwọn méjì tó wà láàárín ló ń gba owó lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| | Èyí tó ní kòkòrò | Èyí tí kò ní kòkòrò |
|---|---|---|
| Bó ṣe wọ́pọ̀ tó | Kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún | Ó lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún |
| Bó ṣe ń ṣe | Kòkòrò kan náà ló ń padà sínú ìtọ̀ léraléra. Ara lè dá ṣáká láàárín ìgbà méjì | Ìrora ibi ìjókòó ló ń ṣáájú, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta |
| Ohun tí láàbù ń rí | Kòkòrò, E. coli ló pọ̀ jù | Kò sí kòkòrò kankan |
| Ohun tó ń bá a jà | Apakòkòrò ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà | Àpapọ̀ ìtọ́jú, bí ti kálukú bá ṣe rí |

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ tún kà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa kò ní kòkòrò kankan níbẹ̀, apakòkòrò la sì ń rà. Aṣọ tí wọ́n wọn fún Làgbájá la gbé wọ Tàmẹ̀dò, a wá ń bínú pé kò bá a mu.

Ìgò kan àbí ìgò méjì

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò ni mo fi ṣáájú gbogbo òògùn. Méjì ló wà tí ẹ lè bá pàdé.

Ti ìgò kan ni gbogbo èèyàn mọ̀: ẹ tọ díẹ̀ dànù, ẹ tọ àárín rẹ̀ sínú ìgò, láàbù á sì dá a sọ́sìn láti wo ohun tó máa hù níbẹ̀. Bí kòkòrò bá wà nínú àpò ìtọ̀, ó máa fi hàn. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó fara pamọ́ sínú próstéètì lè má bá ìtọ̀ yẹn jáde.

Ti ìgò méjì ló ń wá a débi tó sá sí. Ẹ ó kọ́kọ́ tọ̀ sínú ìgò kan. Lẹ́yìn náà dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka kan gba ihò ìdí tẹ próstéètì náà títí omi rẹ̀ á fi ro sójú ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ ó wá tọ̀ sínú ìgò kejì. Bí kòkòrò inú ìgò kejì bá fi púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, inú próstéètì ló ti wá. Àyẹ̀wò onígò mẹ́rin tí Meares àti Stamey gbé jáde ní 1968 ni wọ́n gé kúrú di èyí, nítorí kò sí ẹni tó ráyè ìgò mẹ́rin.

Ìtìjú rẹ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Dókítà tó ṣe tèmi bi mí léèrè iye tí mo ń gbà rán agbádá, kí n tó dá a lóhùn ó ti ṣe tán. Ẹ kàn má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ tí ibà bá wà lára yín. Ó lè ti kòkòrò náà sínú ẹ̀jẹ̀.

Àṣìṣe tèmi rèé, ẹ má ṣe é: mo ti gbé apakòkòrò mì fún ọjọ́ méjì kí n tó lọ. Láàbù ò rí nǹkan kan. Dókítà ní òun ò lè sọ bóyá kò sí kòkòrò lóòótọ́ ni, àbí òògùn ló mú kí wọ́n fara pamọ́. Mo tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mi ò lo nǹkan kan, mo sì tún san owó.

Ọ̀rọ̀ “stáfù”, kòkòrò tí òyìnbó ń pè ní Staphylococcus, náà wà níbẹ̀. Ní kẹ́míìsì kan báyìí, wọ́n gba àtọ̀ mi, wọ́n ní stáfù ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá fún mi. Ara awọ wa ni stáfù ń gbé tẹ́lẹ̀, ìrọ̀rùn ni fún un láti ti ọwọ́ tàbí awọ kó sínú àtọ̀ tí a gbà. Bí ẹ bá gba irú èsì bẹ́ẹ̀, ẹ mú un lọ fún dókítà kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ kan.

Apakòkòrò: ìgbà tó wúlò, ìgbà tí kò wúlò

Bí àyẹ̀wò bá rí kòkòrò, kò sí ohun tó dà bí apakòkòrò. Ṣùgbọ́n òògùn díẹ̀ ló ń ráyè wọ inú próstéètì, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi sábà máa ń mú ciprofloxacin (500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́) tàbí levofloxacin (500 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́), fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ wo iye ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo ń lò nígbà yẹn, kòkòrò tó lágbára kàn ń fi í kọ́ ìjà ni. Bó bá jẹ́ klamídíà, kòkòrò tí ìbálòpọ̀ ń tàn ká, ni wọ́n rí, doxycycline ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á sì tọ́jú ìyàwó náà.

Bí àyẹ̀wò ò bá rí kòkòrò ńkọ́? Dókítà míì á ní kí ẹ gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, pàápàá tí àìsàn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò burú. Àmọ́ tí ẹ bá lò ó pé ọjọ́ tí wọ́n dá tí nǹkan kan ò yí padà, ibẹ̀ ni kó parí sí. Pípààrọ̀ páálí pupa sí páálí búlúù kò sọ ohun tí kò sí di ohun tó wà.

Ewu rẹ̀ pọ̀ ju bí a ṣe ń fojú yẹpẹrẹ wò ó lọ. Láti 2008 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sára ìdílé òògùn yìí pé ó lè já iṣan, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tàbí tó ń lo prednisolone àti irú rẹ̀, ni ewu náà wúwo fún jù. Bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ dá a dúró, kí ẹ pe dókítà.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ fẹ́ràn wàrà: wàrà, mílíìkì, òògùn ọ́sà oníyẹ̀fun funfun àti òògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù, gbogbo wọn ló ń di cipro mọ́lẹ̀ nínú ikùn tí kò fi ní wọ ara. Mo máa ń fi wàrà díndín gbé tèmi mì láàárọ̀ kí inú má bàa rin mí! Ẹ lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú wọn, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn.

Òògùn ìtọ̀ àti òògùn ìrora

Tamsulosin àti alfuzosin ń tú iṣan ọrùn àpò ìtọ̀ ká. Bó bá jẹ́ pé ìtọ̀ tó ń dá dúró, tó ń kán tó, tí kì í tán, lẹ̀dùn yín tó wúwo jù, wọ́n yẹ ní gbígbìyànjú. Bó bá jẹ́ ìrora nìkan ni, ẹ má retí púpọ̀: ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2008 fi alfuzosin wé òògùn òfìfo (hóró tí kò sí òògùn nínú rẹ̀), kò sì fi nǹkan kan sàn jù ú. Òòyì lè kọ́ yín tí ẹ bá dìde lójijì, àtọ̀ sì lè má jáde tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú kó sọ fún dókítà ojú rẹ̀ pé òun ti lò ó rí.

Ibuprofen ń dín ìrora kù ní ọjọ́ tó bá le. Ọjọ́ díẹ̀ ni o. Ẹni tó ní ọ́sà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kó má fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ó bi dókítà.

Fisió, tí mi ò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀

Nígbà tí dókítà kẹta ní kí n lọ rí fisió, mo rò pé ó ti sú u ni. Ìtọ́jú ẹni tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ni mo mọ fisió mọ́. Ọmọbìnrin kan ni mo bá níbẹ̀, kò ju àbúrò ìyàwó mi lọ.

Ó ṣàlàyé fún mi pé iṣan kan wà tó tẹ́ bí ẹní sábẹ́ egungun ìbàdí, òun ló gbé àpò ìtọ̀ àti próstéètì dúró. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí àyẹ̀wò wọn kò rí kòkòrò, iṣan yìí ló fún pọ̀ gírígírí tí kì í tú. Ìrora ń mú kó fún pọ̀, fífún pọ̀ náà sì ń mú ìrora wá. Kò sí apakòkòrò tó lè tú u.

“Bàbá, ẹ dùbúlẹ̀ sà. Ẹ ká orúnkún yín sókè. Ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ẹ mí wọ ibẹ̀, kì í ṣe àyà.” Mo mí. “Rárá sà, èjìká yín ló gbéra. Ikùn ni.” Ó tó ìgbà mẹ́fà kí ọwọ́ mi tó gbéra. Ó wá ní, “Ó dáa. Bí èémí yẹn ṣe ń wọlé, ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má tọ̀.” Mo bá rí i pé nǹkan kan tú ní abẹ́ mi, ohun tí mi ò mọ̀ pé mo ti dì mú láti bí ọdún méjì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ara mi nídìí máṣíìnì. Ìgbàkígbà tí òwú bá já lójú abẹ́rẹ́, ìdí mi á ti fún pọ̀ kí n tó mọ̀. Bí oníbàárà bá dé tí aṣọ rẹ̀ ò tíì parí, ó ń fún pọ̀. Ẹ̀rín pa mí, ó sì ká mi lára.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ẹ ó rí àwọn tó ń sọ lórí fóònù pé kí ọkùnrin máa fún ìdí rẹ̀ pọ̀, kó máa tú u, nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ kó lè lágbára. Fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀, epo nìyẹn ń bù sí iná. Títú ni tiwa, kì í ṣe fífún.

Ẹ fi wé apakòkòrò wàyí. Kò ní ewu iṣan jíjá, ó sì ń bá ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa jà. Àmọ́ kì í yára. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún kọjá kí n tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó máa lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ìgbà mẹ́wàá, owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú ló ń bá a rìn, ẹ ó sì tún máa ṣe é nílé láàárọ̀ lálẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, fisió tó ń fọwọ́ sí ibi yìí kò pọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó káàdì.

Omi gbígbóná jẹ́ àbúrò fisió, owó rẹ̀ ò sì ju owó iná tí ẹ fi máa hó o lọ. Mo máa ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ọpọ́n, mo ń jókòó sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó bí a ṣe ń wo omi ìwẹ̀ ọmọ. Ibẹ̀ yẹn kò gba gbígbóná jù.

Agbo, páràgà, àti hóró inú ìgò

Mi ò ní tàbùkù agbo, agbo ni wọ́n fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ ìyá alágbo máa ń pe ohun tó bá ti ń dunni nídìí, agbo jẹ̀dí náà ni wọ́n á sì bù fún yín. Ó lè fọ inú, kò sọ pé ó kan próstéètì. Ẹni tó bá sì ń lo agbo pẹ̀lú òògùn òyìnbó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Ìwọ̀n agbo kò dúró sójú kan, kíndìnrín kan náà ni gbogbo wọn sì máa gbà kọjá.

Páràgà ni mo bá jà. Ọtí ló wà nínú rẹ̀, ọtí sì wà lára ohun tó máa ń ru ìrora yìí sókè. Ẹni tó ń mu ún nídìí ọ̀kadà láti tọ́jú “ìdí dídùn” ń fi ọ̀tún tọ́jú, ó ń fi òsì bà á jẹ́.

Egbòogi tí wọ́n ti dán wò ní ìwọ̀n tó dájú wà. Ní 2009, wọ́n dán àkànpọ̀ ìyẹ̀fun òdòdó wò lára ọkùnrin 139 ní ilẹ̀ Jámánì fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ìrora àwọn tó lò ó fi púpọ̀ dínkù ju ti àwọn tó lo òfìfo. Quercetin, tó wà nínú àlùbọ́sà, wọ́n dán an wò ní 1999, 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún oṣù kan, ó sì ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹ má sáré lọ ra àpò àlùbọ́sà o, ohun tí a máa jẹ kò lè tó ìwọ̀n yẹn. Tí ẹ bá rí hóró inú ìgò tó ń pariwo “próstéètì” lára páálí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí àwọn sọ wò. Nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kò sọ pé ó wo àìsàn yín sàn.

Àwọn yòókù, kí n yára kọjá. Amitriptyline díẹ̀ lálẹ́ wà fún ẹni tí ìrora rẹ̀ dà bí iná tó ń jó nínú iṣan. Ó ń múni sùn. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí àwọn ará Ṣáínà fi ń gún ara láìsí òògùn nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ìwádìí tó jáde ní 2021, ìgbà ogún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àmọ́ mi ò tíì bá ẹni tó ń ṣe é pàdé nítòsí wa. Iṣẹ́ abẹ? Kì í ṣe ti àìsàn yìí, àfi tí nǹkan mìíràn bá bá a rìn, bí òkúta inú próstéètì tàbí ojú ọ̀nà tó dí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé yín nítorí ìrora nìkan, ẹ wá ẹlòmíì.

Bí ẹ ṣe lè mú tiyín

Ní 2009, Shoskes, Nickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ọgbọ́n kan tó bá iṣẹ́ mi mu gan-an. Wọ́n ní kí wọ́n má fi òògùn kan náà bo gbogbo ọkùnrin. Kí wọ́n wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́fà: ìtọ̀, ọkàn, próstéètì fúnra rẹ̀, kòkòrò, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, àti ẹran ìbàdí tó le. Ibi tó bá yọ lára yín ni kí wọ́n tọ́jú, ó sì lè ju ọ̀kan lọ.

Fún àpẹẹrẹ, ọlọ́kadà kan tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń ṣàn dáadáa, tí láàbù ò rí kòkòrò, tó jẹ́ pé ìrora ń dé tó bá ti gun ọ̀kadà fún wákàtí méjì: fisió, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìsinmi lójú ọ̀nà ni tirẹ̀ lójú tèmi, kì í ṣe cipro. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tí ìtọ̀ rẹ̀ ń dá dúró, tí kòkòrò kan náà jáde lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọdún kan: apakòkòrò tó pé ọjọ́, tamsulosin lè tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì wò ó bóyá próstéètì rẹ̀ ti wú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, tí oorun rẹ̀ ti lọ nítorí ó rò pé jẹjẹrẹ ni, àárín ọkàn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìrònú kì í dá àìsàn yìí sílẹ̀ nìkan, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n bọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkàn yìí dé ilé tèmi. Ìyàwó mi bi mí lóru ọjọ́ kan pé, “Ibo lẹ ti kó o?” Àtọ̀sí ló ń sọ. Mi ò rí ẹjọ́ rò tó wọ̀ ọ́ létí. Mo mú un dání lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbèsì, dókítà sọ fún un pé kò sí àtọ̀sí, kò sí klamídíà, pé kò lè ràn án, pé kò sì nílò ìtọ́jú kankan. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Àmàlà ọjọ́ yẹn ní ẹran mẹ́ta. Ẹ mú ìyàwó yín dání.

Ẹ má sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ PSA, èyí tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ próstéètì, wò ní ọjọ́ tí ìrora bá le. Próstéètì tó ń gbóná máa ń gbé iye rẹ̀ sókè. Bàbá Tíṣà, oníbàárà mi kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ogún nítorí irú èsì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n tún un ṣe, ó ti wálẹ̀. Ibà pẹ̀lú òtútù, ìtọ̀ tó dí pátápátá, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀: ìwọ̀nyí kò ní ìfiwéra, ẹ lọ sí ọsibítù lóru náà.

Ní ti ibi tí ẹ máa lọ, ìlú wa ò kù díẹ̀ káàtó. Ọsibítù Onítẹ̀bọmi tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ ní 1907 ti di ọsibítù ìkọ́ni Yunifásítì Bowen, ti LAUTECH náà sì wà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí dókítà ọ̀nà ìtọ̀ máa ń jókòó kí ẹ tó fi ọjọ́ iṣẹ́ ṣòfò. Tó bá kọjá agbára wọn, UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń darí èèyàn sí.

Ẹ mú ìwé kékeré kan lọ. Àwọn dókítà ní ìbéèrè mẹ́tàlá kan tí wọ́n fi ń wọn àìsàn yìí, NIH-CPSI lorúkọ rẹ̀: òdo ni ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, 43 ni ẹni tó le fún jù. Bó bá fi mẹ́fà wálẹ̀, ìtọ́jú yẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àyà àti apá oníbàárà sí ni mo ń kọ tèmi sí. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin fisió, ó di méjìdínlógún. Ní ọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá ó gun orí mẹ́tàlélógún, nítorí mo jókòó mọ́jú. Ó ti tún padà sí mẹ́rìndínlógún.

Kí n tó gbàgbé, tìmùtìmù. Ẹ má ra èyí tó rí róbótó bí òṣùká, ó máa ń fa ibẹ̀ wálẹ̀ sínú ihò. Fóòmù líle tó nípọn ínǹṣì mẹ́ta ni mo gé bí àga mi ṣe fẹ̀ tó. Láti etí ẹ̀yìn ni mo ti la àárín rẹ̀ wọlé bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ínǹṣì mẹ́rin ní fífẹ̀, mẹ́fà ní jíjìn, kí egungun ìdí méjèèjì lè jókòó kí àárín má sì kan nǹkan kan. Mo fi àjákù ànkàrá bò ó, mo fi síìpù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó ṣe é fọ̀. Bàbá Tíṣà ti gba ọ̀kan. Àwọn ọlọ́kadà méjì ti sanwó sílẹ̀, wọ́n ní kí n dì í mọ́ gàárì ọ̀kadà àwọn, mo ṣì ń wá rọ́bà tí mo máa fi so ó.